Ọ̀rọ̀ Kan Tó Ń Jẹ́ Máìndì

Ẹ má wo ti ìwé tí mi ò kà púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Òmù-Àrán, ó sì tó mi. Àwọn tó kàwé débi tí ojú wọn ń fọ́ pọ̀ nílùú òyìnbó níbí, tí wọn ò mọ ìdajì ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bá yín sọ. Máìndì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ẹ ní kó wá bá mi.

Awakọ̀ ni mí kí n tó kúrò nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà, iṣu ni mò ń kó láti Òkè-Ọdẹ lọ sí Ìlọrin. Nígbà òjò, tí ọ̀nà yẹn bá di ẹrẹ̀, tí àwọn awakọ̀ mìíràn bá gbé ọkọ̀ wọn sílẹ̀ tí wọ́n lọ sùn, èmi á gba ibẹ̀ kọjá, iṣu kan ò sì ní já bọ́. Ẹ bi wọ́n ní gáréèjì. Gáréèjì yẹn náà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ máìndì, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìjà ni níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ na ẹlòmíràn á kọ́kọ́ ní kó máìndì ara rẹ̀. Bí o bá béèrè ohun tí kò kàn ọ́, wọ́n á ní kí o máìndì bísínẹ́ẹ̀sì rẹ. Bí àwọn èrò bá ń bú ọ, ọ̀rẹ́ rẹ á ní kí o má máìndì wọn. Mo rò pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà tán, bí ẹni tó rí ìrù ẹfọ̀n tó ní òun ti rí ẹfọ̀n.

Ìyàwó mi ló ṣáájú mi dé ibí. Nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀yìn ọkọ̀ iṣu mi ni ìwé tó kà sì ti jáde, kò sì jiyàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ní Sikọ́tíláńdì, lókè ilẹ̀ òyìnbó lọ́hùn-ún, ó ní kí n máa bọ̀, mo sì wá.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, ohùn obìnrin kan ń jáde láti òkè, mi ò rí ojú rẹ̀. Ó ní ká máìndì àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀. Inú bí mi. Mo ní kí ni mo fi ṣe é tó fi ń halẹ̀ mọ́ mi láàárín èrò? Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ó ní ká ṣọ́ ẹsẹ̀ wa ni. Mo wo àlàfo náà. Kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Nílé wa, kòtò tó lè gbé màlúù mì wà lójú títì, kò sẹ́ni tó máa kìlọ̀ fún ọ. Ẹnu kòtò náà gan-an ni wọ́n á ti máa ta ẹ̀pà. Àwọn wọ̀nyí wá gbé ẹnìkan sókè kó máa bẹ ènìyàn nítorí ìbú ọwọ́. Mo kan sáárá sí wọn lọ́jọ́ yẹn, títí dòní mo ṣì ń kan án.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni obìnrin kan fẹ́ jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì. Ó bi mí bóyá mo máìndì. Ọmọlúàbí kì í fi ohun du ènìyàn, mo sì fi gbogbo ẹnu dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúró lórí ìdúró títí ó fi sọ̀kalẹ̀, àga sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà tí mo délé tí mo ròyìn rẹ̀ ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ohun tó bi mí ni bóyá á dùn mí bí òun bá jókòó. Ojú tì mí díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin kan bá ti yọ sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì báyìí, mo ti dìde.

Ohun tó dùn mí jù nílẹ̀ yìí kì í ṣe òtútù. Àìkíni ni. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, mo sì máa ń kí gbogbo ọkọ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé, wọ́n á wò mí bí ẹni tó fẹ́ ta oògùn. Ilé tí wọ́n ti ń di ẹja sínú páálí ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kan ò mọ èkejì mọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì ki nǹkan sétí. Bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó mi láàárọ̀, mi ò ní gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ títí ma fi padà délé. Nígbà tí Ràímì, ọ̀rẹ́ mi ní gáréèjì, bi mí lórí fóònù pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo ní mo wà nídìí ẹja. Ó ní ṣé mo ti di apẹja ni. Mo ní ọ̀gá àwọn apẹja. Ẹnu mi kì í ṣe ẹnu tí ń gbélẹ̀.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí ìyàwó mi fi gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan ń wá àwọn tó máa máa lọ tọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn. Wọ́n kọ́ wa fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní wọ́n á kọ́kọ́ dán mi wò ná. Wọ́n wá ní bàbá kan wà tí wọ́n fẹ́ kí n máìndì.

Mo ní kí wọ́n tún un wí. Wọ́n tún un wí. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń halẹ̀ ní gáréèjì, òun náà ni wọ́n fi ń pe kí ènìyàn gbé omi gbígbóná fún àgbàlagbà, kó wọṣọ fún un, kó jókòó tì í. Awakọ̀ akẹ́rù ni mí, mo mọ ohun tí ẹrù ń jẹ́. Mi ò tíì rí ọkọ̀ kékeré tó gbé ẹrù tó báyìí.

Orúkọ bàbá náà ni Mísítà Álíkì. Iṣẹ́ gbígbé lẹ́tà kiri ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo wà ní Kánádà, ó ń pè é lórí fóònù bí èmi náà ṣe ń pe ìyá mi. Wọ́n so bọ́tìnì kan mọ́ ọn lọ́rùn, kó lè tẹ̀ ẹ́ bí nǹkan bá ṣe é. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọlé. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ẹni tó lè bí bàbá mi. Ṣé kí n wá dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀ bí òpó iná ni? Kí n tó rò ó, àyà mi ti kan ilẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí, tí wọ́n á fi orí ìka kan ilẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà. Ìdọ̀bálẹ̀ gidi ni. Àwọn alfa kan wà tó ní Ọlọ́run nìkan ló tọ́ sí; ilé tiwa mọ ìyàtọ̀ ìkíni sí ìjọsìn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀ kí ó dá mi lóhùn.

Kò dá mi lóhùn. Bọ́tìnì ọrùn rẹ̀ ló tẹ̀, aago kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ohùn kan jáde láti inú àpótí kékeré kan lára ògiri, Bàbá sì ń pariwo sí i pé ọkùnrin kan wọlé tó ṣubú, ó dà bíi pé ó ti kú. Mo gbórí sókè, mo ní mi ò kú o, sà. Ìyẹn tún wá bà á lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí n tó ṣàlàyé tán, áńbúláǹsì ti dé. Àwọn ọmọ méjì tó wà nínú rẹ̀ dá mi jókòó, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ bíi ti ọ̀dọ́. Ó yẹ kí ẹ mọ ìyẹn.

Ṣíílà, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa, wá lọ́sàn-án. Kò bínú, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí. Ó rọra sọ fún mi pé ọkàn Bàbá lè dúró nítorí ohun tí mo ṣe. Ó ní òun mọ̀ pé ènìyàn dáadáa ni mí, àmọ́ òun á wá láàárọ̀ Jímọ̀ láti wo bí mo ṣe ń wọlé. Bí ẹ̀rù bá tún ba Bàbá, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín. Bí wọ́n bá lé mi, ilé ẹja ni mò ń padà sí, mo sì ti sọ fún gbogbo Òmù-Àrán pé mo ti kúrò níbẹ̀. Èyí tó jùyẹn lọ ni pé kò tíì sí ẹni tó ń retí kí n wọlé nílẹ̀ yìí, àfi ìyàwó mi. Bàbá á máa retí mi láàárọ̀, ì báà tiẹ̀ jẹ́ nítorí tíì lásán.

Ràímì ni mo kọ́kọ́ pè. Àṣìṣe ni. Ó ní, "Ìwọ tí o ò dọ̀bálẹ̀ fún alága gáréèjì, òyìnbó lo wá dọ̀bálẹ̀ fún, ó sì pe ọlọ́pàá sí ọ." Mo ní kì í ṣe ọlọ́pàá, áńbúláǹsì ni. Ó ní òun gbọ́, kí n ṣáà má tún kú mọ́. Mo ní alága gáréèjì kéré sí mi lọ́jọ́ orí, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo wá pe ìyá mi. Ó fi èdè Ìgbómìnà wa tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán, nítorí àwọn ará ilé wa máa ń fi "hẹn" àti "hẹn-hẹn" tẹ́tí ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ohun kan ló bi mí.

"Ṣé o ké àgò?"

Mo ní wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Ṣé ó bá ọ sọ fún bàbá pé o ń bọ̀ ni?"

Èmi tí mi ò jẹ́ wọ ilé àbúrò mi láìké àgò, kí wọ́n ní "àgò yà" kí n tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, mo wọ ilé àgbàlagbà bí ewúrẹ́ nítorí pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ní kí n lọ tọrọ àforíjì, kí n ké àgò, kí n dúró kó dáhùn, kí n sọ pé mò ń lọ sílẹ̀ kí n tó lọ sílẹ̀. Ó ní kí n má fi ìdọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ló yé mi pé bí òyìnbó bá bi ọ́ bóyá o máìndì kó tó jókòó, kó tó ṣí fèrèsé, kó tó mú àga, àgò ló ń ké. Wọ́n ní tiwọn. Èmi ni mo ju tèmi nù.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi gẹ̀ẹ́sì mi, tó mọ níwọ̀nba, ṣàlàyé fún Bàbá. Mo ní nílé wa, bí mo bá kígbe àgò lẹ́nu ọ̀nà, kó ní yà, nígbà náà ni ma wọlé. Mo ní ìṣubú tó rí yẹn, ìkíni ni, ẹni tó dàgbà là ń ṣe é fún. Ó ní ṣé gbogbo àárọ̀ ni? Mo ní gbogbo àárọ̀. Ó ní òun ò máìndì. Ó wá sọ pé òun máìndì bàbá tó bí bàbá òun, tí gbogbo ọmọdé àdúgbò máa ń ṣí fìlà fún, bí ẹni kan ò bá ṣí i, á fi ọ̀pá gbá fìlà náà bọ́ lórí rẹ̀.

Mo ní báwo ló ṣe ń máìndì ẹni tó ti kú? Ó ní òun rántí rẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ nǹkan. Lápá òkè yìí, máìndì tún ni kí ènìyàn rántí. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ò fi bẹ́ẹ̀ mọ èyí. Ti ìlú òkè níbí ni, bí Ìgbómìnà ṣe ní ọ̀rọ̀ tí ará Ọ̀yọ́ ò mọ̀. Mo jókòó sílé ìdáná Bàbá, mo ń retí kí omi hó, mo ń rò ó. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ, ẹni tó ń rántí rẹ, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ ń dùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Ọkàn ènìyàn gan-an, máìndì náà ni. Ẹni tó ṣe ọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá rí i, ma dọ̀bálẹ̀ fún un, ma sì ké àgò. Mo ronú kan ìyá mi. Àbúrò mi obìnrin ló ń gbé omi gbígbóná fún un ní Òmù-Àrán, èmi ń gbé e fún bàbá ẹlòmíràn níbí, ọmọ tirẹ̀ ń ronú nípa rẹ̀ ní Kánádà. Bóyá ẹlòmíràn ni ọmọ náà ń máìndì lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó gbé ẹrù tirẹ̀ nínú wa, ẹrù kankan ò sì bọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ ìṣòro kan wà. Ọkàn Bàbá máa ń rìnrìn àjò. Ó lè bi mí lọ́sàn-án pé ta ni mí, lẹ́yìn tí mo fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Ọjọ́ Àlàmísì, mo ké àgò títí, kò dáhùn. Ó ń wo ẹyẹ lójú fèrèsé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú òjò wẹ́wẹ́ títí ó fi yíjú tó rí mi, tó ní kí ni mò ń ṣe níta. Mo wọlé, mo kí i lórí ìdúró. Tíì tí mo sè lọ́jọ́ yẹn, èmi gan-an ò lè mu ún.

Ní Jímọ̀, Ṣíílà ti wà nínú ilé kí n tó dé. Mo rí i láti ojú fèrèsé, ó dúró, ó ká ọwọ́ jọ. Ìyàwó mi ti ní kí n kàn wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí n kí wọn bí òyìnbó ṣe ń kíni, kí iṣẹ́ dúró ná. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Mo ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.

Mo ní, "Àgò o."

Kò sí ìdáhùn. Mo gbọ́ tí Ṣíílà ń bi Bàbá pé kí ni mò ń sọ. Mo tún ké e.

Mo rò ó pé bí mo bá ké e lẹ́ẹ̀kan sí i tí kò dáhùn, ma wọlé lórí ìdúró, ma sì di òyìnbó dúdú láti ọjọ́ náà lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń bínú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Yà. Mo ní yà. Ṣé o di adití ni?"

Mo wọlé. Mo ní, "Bàbá, mò ń lọ sílẹ̀ o." Mo lọ sílẹ̀, gbogbo ara. Ṣíílà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí mo wá mọ̀ lára ni ọwọ́ kan lẹ́yìn mi, ó fúyẹ́, ó ń gbọ̀n, ó ń gbá mi pẹ́pẹ́ bí àwọn àgbà ilé wa ṣe máa ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Èmi ò kọ́ ọ.

Ṣíílà bi í bóyá ohun tí mò ń ṣe yìí ò dà á láàmú, ó ní òun lè wá ẹlòmíràn. Bàbá wá bi í pé nígbà tí ó wọlé láàárọ̀ yẹn, kí ló fi kí òun. Ṣíílà ronú. Ó ní òun rò pé òun béèrè bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀.

Bàbá ní, "Eléyìí kọ́kọ́ kí mi. Ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Fi í sílẹ̀."

Ṣíílà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ní kí n máa sún àga kékeré yẹn sẹ́yìn kí n tó lọ sílẹ̀, kí n má baà forí gbá a. Bí iṣẹ́ ṣe di tèmi nìyẹn. Mo pe Ràímì lójú ẹsẹ̀, mo ní wọ́n pe ọ̀gá pátápátá wá wò mí, ó sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn fún mi. Òótọ́ ni mo sọ.

Nígbà tí mo pe ìyá mi, ó ní alihamudulilahi, ó ṣàdúrà fún Ṣíílà, ó wá bi mí pé kí ni oríkì Bàbá. Mo ní òyìnbó ò ní oríkì. Ó ní kí ni a wá ń pè é tí orí rẹ̀ fi ń wú. Mo ní Mísítà. Ó ní, "Ọlọ́pàá náà ń jẹ́ Mísítà." Ó ní ọmọkùnrin tí wọ́n jà kí wọ́n tó rí gbà, Àjàní ni. Kí n má pè é ní Àjàní lásán o, ó ju ẹgbẹ́ mi lọ, Bàbá Àjàní ni kí n máa pè é.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo ké àgò, ó ní yà, mo sún àga, mo lọ sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá Àjàní, ẹ káàárọ̀, sà." Ó ní ta nìyẹn. Mo ní òun ni, ìyá mi ló fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ọmọ tí wọ́n jà fún kó tó di tiwọn ni.

Ó wo ojú fèrèsé lọ títí, mo rò pé ó ti tún rìnrìn àjò. Ó wá yíjú sí mi níbi tí mo wà nílẹ̀.

"Ta ló jà fún mi?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni, sà."